Akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í fọwọ́ kan dùùrù láàárín ọ̀sẹ̀: ẹ̀yin olùkọ́ orin Àbújá, kí lẹ ń ṣe?

Onídùùrù_Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé-dé-ilé ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kíbọ́ọ̀dù, ọmọdé àti àgbà, láti Kubwa títí dé Gwarinpa àti Life Camp. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ iṣẹ́ kíkọ́ni yìí, ọ̀tọ̀ gbáà ni. Bí mo bá lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo tún padà lọ ní Ìṣẹ́gun kejì, ibi tí mo fi ọmọ sí gan-an ni mo máa ń bá a. Wọn kì í fọwọ́ kàn án. Àwọn òbí wá ń bi mí pé ìgbà wo ni ọmọ àwọn máa jókòó sídìí dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀dá kan tí mò ń kọ́ ní tiẹ̀, praise and worship nìkan ló ń fẹ́, láàárín oṣù mẹ́ta, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ nóòtì rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ dán nǹkan wò nílé? Ṣé ìwé ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí etí? Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́, torí àwọn kan ń jẹ mí ní owó oṣù tó kọjá.

Ìyá_Kọ́áyà_Gwarinpa

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Kí a tó dá ọmọ lẹ́bi, jẹ́ kí n bi ọ́: kí lo ní kó ṣe láàárín ọ̀sẹ̀? Tó bá jẹ́ "máa dán an wò dáadáa o" lo sọ kí o tó gbé báàgì rẹ, o ò tíì fún un níṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dán orin wò. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò kọsẹ̀ níbi tó ti máa ń kọsẹ̀, yóò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti mọ̀ ló ń dán sí i. Ibi tí kò mọ̀ ń bẹ níbẹ̀ bó ṣe wà. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti sú u, ó ti lọ wo kátúùnù.

Èmi kì í fún ọmọ ní odidi orin lọ sílé. Báà (ìpín kékeré inú orin) méjì péré ni, ibi tó le jù níbẹ̀. Mo máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún nìkan lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọwọ́ òsì nìkan lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́yìn náà kó pa wọ́n pọ̀, kó rọra. Metronome (ohun tó ń ka àkókò orin) ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí fóònù. Mo máa ń gbé e sí 60, ìyẹn ìró ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra láìṣì, kó sún un dé 66. Tó bá ṣì í, kó dá a padà sí 60, kò sí ìjà níbẹ̀.

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n máa lọ, mi ò kọ́ni mọ́. Mo máa jókòó sórí àga, màá ní, "Ó ti di ọ̀la báyìí, èmi ò sí níbí. Ṣe iṣẹ́ rẹ kí n rí i." Ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ bóyá ohun tí o wí yé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò yé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn wúlò lójú tèmi ju àádọ́ta tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Orin tó bá gùn, mo máa ń kọ́ ọ láti ìdí wá. Báà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà mẹ́rin tó ṣáájú wọn. Bí ọmọ bá ti wá ń lù ú bọ̀, ńṣe ló ń sún mọ́ ibi tó dá a lójú, kì í ṣe ibi tó ń bà á lẹ́rù.

Sọ fún àwọn òbí pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lọ. Oorun wà lára iṣẹ́ náà. Ohun tí ọwọ́ kọ́ lónìí, inú oorun ni ọpọlọ ti ń tò ó sáyè. Ẹni tó dán an wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oorun bá a ṣe é.

Òbí ò nílò kó mọ orin. Òótọ́ ni pé Shinichi Suzuki, ará Japan tó kọ́ àwọn ọmọdé ní violin, ńṣe ló máa ń ní kí òbí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ, kí òbí náà sì mọ nǹkan díẹ̀ lórí ohun èlò náà, kí ọmọ sì máa gbọ́ orin tó ń kọ́ nínú ilé lójoojúmọ́. Àmọ́ ní Àbújá, òbí tó dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ò ní ráyè tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ ní kó lu báà méjì rẹ̀ fún yín, kí ẹ pàtẹ́wọ́.

Akọrin_Lugbe

Gbogbo èyí tí Mọ́mì sọ dára. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà pé níbo ni kíbọ́ọ̀dù wà 😂. Gbogbo ilé tí mo mọ̀, inú páálí ló wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Onídùùrù_Kubwa

Ẹ̀gbọ́n, orí wọ́dùróòbù ni tàwọn ìbejì Gwarinpa wà! Bàbá wọn ló máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ tí mo bá dé. Wọ́n ní iná ńkọ́, pé NEPA ò jẹ́ kí àwọn ráyè.

Fèrè_Kaduna

A ti rí ìdí ọ̀ràn nìyẹn. Ohun èlò tí wọ́n bá ń gbé sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó lù ú, wọn ò ní lù ú. Ra stand, tàbí kí kápẹ́ńtà kan tábìlì tó ga tó, kó wà ní pálọ̀, kí aṣọ bò ó nítorí eruku, kí wáyà rẹ̀ wà lára ògiri. Bí ọmọ bá ń kọjá lọ mu omi, yóò tẹ nǹkan lórí rẹ̀. Ìdánrawò nìyẹn náà.

Ti iná kò le. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kékeré ló ní ojú ìdí tí wọ́n ń ki bátìrì sí, àwọn èèyàn kì í wò ó ni. Tí wọ́n bá ní íńfátà tàbí sólà nílé, kíbọ́ọ̀dù ò jẹ iná tó tẹlifíṣọ̀n. Kí wọ́n kàn ṣọ́ra fún adapter. Ọ̀pọ̀ Yamaha kékeré ń lo 12V, ọ̀pọ̀ Casio ń lo 9.5V, àti pé ibi tí iná dúdú òun pupa wà lẹ́nu wáyà lè yàtọ̀. Kí wọ́n ka ohun tó wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù kí wọ́n tó ra èyíkéyìí tí wọ́n nà sí wọn ní ọjà Wuse. Adapter tó bá dé ojúhò kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá ohun èlò mu.

Ẹ tún sọ fún wọn kí wọ́n ra ohun ìgbọ́rọ̀ etí (headphone). Ní àwọn fúláàtì tí ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ̀nyí, ọmọ máa ń tijú kí aládùúgbò gbọ́ àṣìṣe òun.

Bàbá_Ọ́gáànù_Wuse

Ọ̀rọ̀ ìwé àti etí lẹ ò tíì dáhùn. Ìwé ni o, àbúrò. Kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Mo ń wo àwọn tó ń lu kíbọ́ọ̀dù káàkiri ìlú yìí. Kíì (ohùn tí orin dúró lé) kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. C ni gbogbo rẹ̀, tàbí kí wọ́n dúró sórí àwọn dúdú ní F sharp, kí wọ́n wá tẹ transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé kíì sókè tàbí sílẹ̀ fún wọn. Tí olórin bá gbé orin sókè, wọ́n á na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Tí ọkàn wọn bá gbàgbé láti dá a padà sí òdo, orin tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpayà. Ẹ wá gbé ọ̀kan nínú wọn síwájú dùùrù onígi, èyí tí kò ní bọ́tìnnì kankan, ẹ ó rí bí ọwọ́ ṣe ń wá ibi tí yóò bà sí.

Jìtá_Jos

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Mo gbà pé transpose ń pa èèyàn. Àmọ́ àìmọ̀wé kọ́ ló fà á. Mo mọ àwọn tó ń ka nóòtì dáadáa, tí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ wọn, wọn ò lè tẹ̀ lé obìnrin kan tó kàn dìde ní àárín ìsìn tó gbé orin. Àwọn ọmọ wa, orin ni wọ́n ń gbọ́ láti inú oyún. Tí o bá fi ìlà márùn-ún bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń ka ibi tí bọ́ọ̀lù dúdú jókòó sí fún oṣù méjì láìgbọ́ orin kan tí wọ́n mọ̀, wọ́n ti lọ.

Èmi, orin tí ọmọ náà mọ̀ látilé ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Kó fi ẹnu kọ ọ́. Kó wá a rí lórí jìtá fúnra rẹ̀, okùn kan ṣoṣo. Nígbà tó bá ti rí i ni màá kọ ọ́ sórí ìwé fún un: "Ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lù yẹn nìyí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí." Ojú rẹ̀ á là. Etí ṣáájú, ìwé tẹ̀ lé e, bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n kọ.

Bàbá_Ọ́gáànù_Wuse

Ọ̀rọ̀ rẹ ní ìtumọ̀, Jìtá, mi ò jiyàn. Ohun tí mo ń bá jà ni kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ẹ wo Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin (1905 sí 1987). Ó ń lu jazz ní London ní àwọn ọdún 1930, òun kan náà ló gba FRCO, ìwé ẹ̀rí ńlá ti àwọn olù-ọ́gáànù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lu ọ́gáànù ní Kingsway Hall ní London. Etí rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ náà mú. Kò sẹ́ni tó ní kó yan ọ̀kan.

Bí mo ṣe ń yọ ọwọ́ wọn kúrò lórí transpose nìyí, onídùùrù, kí o gbìyànjú rẹ̀. Orin kan ṣoṣo, èyí tó rọrùn, tí kọ́ọ̀dù rẹ̀ (nóòtì mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀) ò ju mẹ́ta lọ. Má pe kọ́ọ̀dù náà ní C, F àti G. Pè é ní ìkíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, bí wọ́n ṣe tò nínú kíì. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ní C. Ọ̀sẹ̀ kejì, orin kan náà ní G: dúdú kan ṣoṣo ló wọlé, F sharp. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ní F: dúdú kan ni, B flat. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ní D: dúdú méjì, F sharp àti C sharp. Orin ò yí padà, ọwọ́ ló ń yí. Bí ó bá dé kíì karùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn máa ń wá ìyókù fúnra wọn. Fi lílẹ̀ọ̀mọ̀ bo bọ́tìnnì transpose yẹn bí o bá ń bá ọmọ ṣiṣẹ́. Mo sọ ọ́ bí àwàdà, àmọ́ mo máa ń ṣe é.

Alábòójútó

"Lílẹ̀ọ̀mọ̀" 😄 Sẹ̀lótéèpù ni Bàbá ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá a lọ, kí a má bára wa jà.

Àyàn_Nyanya

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìlù ni mo ń kọ́ni, gángan àti dùndún, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Àbújá ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti etí.

Nílé àwọn àyàn, ọmọ kì í gbé ìyáàlù kọ́rùn lọ́jọ́ tó dé. Ẹnu ló fi ń kọ́ ọ ná. Oríkì tó fẹ́ lù, yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ. Tí wọ́n bá wá fún un ní ìlù, èyí tó ń tẹ̀ lé ni, ìlù kan náà lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan síi, kó dúró ṣinṣin nígbà tí bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí ìyáàlù. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti wà nínú eré. Onídùùrù, o lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ọmọ tó mọ nóòtì méjì péré, kó máa lu méjèèjì yẹn ní ìsàlẹ̀, kí ìwọ máa lu orin lókè. Inú rẹ̀ á dùn, àkókò rẹ̀ á sì dúró ju bí metronome ṣe lè mú un dúró lọ, torí tó bá já, orin yín méjèèjì ló já.

Èkejì: dò-re-mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn ní ilé ìwé, ẹ̀bùn ni fún olùkọ́ orin. Mo máa ń ní kí ọmọ pe ìgbà, igba, igbá, ìgbá, igbà. Dò-dò, re-re, re-mí, dò-mí, re-dò. Lẹ́yìn náà, èmi á hùn ún láìpe ọ̀rọ̀, kí òun sọ èyí tí mo hùn. Lẹ́yìn náà, kó lù ú lórí gángan. Kó tó di pé mo dárúkọ "interval" (bí ohùn méjì ṣe jìnnà síra) kankan, etí rẹ̀ ti ń ya ohùn sọ́tọ̀.

Ẹ má sì tan ọmọ jẹ o. Dò àti mí inú ọ̀rọ̀ wa kì í jìnnà síra bákan náà ní gbogbo ìgbà bíi ti orí dùùrù. Olóhùn kéékèèké kan ń sọ tiẹ̀, olóhùn ńlá ń sọ tiẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Etí la fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe wíwọ̀n.

Onídùùrù_Kubwa

Ẹ ṣeun, Bàbá Àyàn. Àmọ́ ìdajì àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ò gbọ́ Yorùbá, títí kan àwọn tí bàbá wọn jẹ́ ará Ìjẹ̀bú 😅. Àwọn mìíràn ń bẹ tí wọ́n jẹ́ Tiv àti Ìgbò.

Àyàn_Nyanya

Ọmọ ará Ìjẹ̀bú, kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ márààrún yẹn bí ẹni ń kọ́ ọ lórin. Ìyá rẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Àwọn yòókù, béèrè lọ́wọ́ wọn: Hausa ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, Ìgbò náà bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ mú ọ̀rọ̀ méjì wá láti ilé rẹ̀ tí ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá nìyẹn, òbí á sì bá a dá sí i.

Ìyá_Sùlìyá_Kano

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi kì í ṣe olùkọ́, òbí ni mí, ní Sabon Gari níbí. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ kíbọ́ọ̀dù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń fun saksofóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń mú kí òbí dá olùkọ́ dúró níhìn-ín, torí wọn kì í sọ fún yín lójú, wọ́n á kàn ní "a ó pè yín".

Àkọ́kọ́ ni àkókò. Àwọn ọmọ wa ń lọ Islamiyya (ilé kéwú) ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi àkókò sí i. Bí ìrun bá kó sí àárín ẹ̀kọ́, ẹ dá a dúró láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún yín, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa bọ̀wọ̀ fún yín. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ jókòó ní pálọ̀, kí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí àgbàlagbà kan wà nínú ilé. Àwọn ìdílé kan níhìn-ín, obìnrin ni wọ́n máa fẹ́ kó kọ́ ọmọbìnrin wọn. Ẹ má fi ṣe ìbínú. Tí ẹ bá mọ obìnrin tó ń kọ́ni, ẹ darí wọn sí i, lọ́jọ́ mìíràn òun náà á darí ti ọkùnrin sí yín.

Kí Ọlọ́run ṣe olùkọ́ fèrè ọmọkùnrin mi lóore o, nígbà Ramadan ó ní kí a gbé ẹ̀kọ́ lọ sí ẹ̀yìn ìṣínu, ọjọ́ tí kò bá sì ṣeé ṣe, kí a fi ka nóòtì, kí a sì fi gbọ́ orin. Ọmọ tó ń gbààwẹ̀ kò lè máa fun fèrè ní aago mẹ́rin nínú oòrùn Kano.

Fèrè_Kaduna

Alhaja, òtítọ́ ni. Ẹnu gbígbẹ ò fun fèrè, ètè á bó, ohùn á máa já. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń gbààwẹ̀, ìka nìkan ni wọ́n ń dán wò ní ọ̀sán, láìfun ún: ìka lórí bọ́tìnnì, kí wọ́n máa fi ẹnu ka sol-fa rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́ tó, mo ti fi kún ti gbogbo èèyàn báyìí, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí.

Lórí owó, onídùùrù. Gba owó oṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ̀kọ́ mẹ́rin, tàbí ti táàmù lẹ́ẹ̀kan. Má gba owó lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, torí ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tàbí tí wọ́n bá ní àlejò, owó rẹ ti lọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo, fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ẹni tó bá fẹ́ sún ọjọ́ síwájú, kó sọ nígbà tó bá ku ọjọ́ kan, tó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni mo dé kí wọ́n tó sọ pé wọn ò sí nílé, a ti ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn mọ́ ọn. Bí èmi ni mo bá yẹ̀ é, mo máa san án padà ní ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá jẹ ọ́ ní owó oṣù tó kọjá, má bẹ̀rẹ̀ oṣù tuntun. Fi ọ̀yàyà sọ ọ́: "Sà, ẹ jẹ́ kí a parí ti tẹ́lẹ̀ ná." Kò sí ìjà níbẹ̀.

Kí o sì to àdúgbò rẹ. Gwarinpa àti Life Camp lọ́jọ́ kan náà. Kubwa àti Dutse lọ́jọ́ mìíràn. Má gba akẹ́kọ̀ọ́ Karu ní ìrọ̀lẹ́ tó bá jẹ́ pé Wuse lo ti ń bọ̀. Ẹni tó mọ gòsíìlò AYA sí Nyanya ní aago márùn-ún mọ ohun tí mò ń sọ. Tó bá dandan gbọ̀n, kí wọ́n wá bá ọ, tàbí kí owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀.

Jìtá_Jos

Ti bọ̀dá oṣù mẹ́ta yẹn: má bá a jà. Àgbà tó ń sanwó ara rẹ̀, ohun tó ń fẹ́ ni kí o fún un, kí o fi ohun tó nílò sí abẹ́ rẹ̀. Bi í pé orin mélòó ló fẹ́ lù, kó kọ márùn-ún sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ìkíní, ìkẹrin, ìkarùn-ún tí Bàbá sọ. Kọ́ ọ ní kọ́ọ̀dù ọwọ́ òsì ná, kó máa lù ú, kó sì máa fi ẹnu kọ orin rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò ti máa tẹ̀ lé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fúnra rẹ̀ ni yóò bi ọ́ pé kí nìdí tí kọ́ọ̀dù yìí fi dùn tí èyí ò sì dùn. Ọjọ́ yẹn ni kí o mú ìwé jáde.

Àgbà máa ń tijú ju ọmọdé lọ. Ìka wọn le, wọ́n mọ bí orin tó dáa ṣe ń dún, wọ́n sì ń gbọ́ pé tàwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Ní kó gba bó ṣe ń lù ú sílẹ̀ lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kó má pa á rẹ́. Tó bá ṣe bí ẹni fẹ́ dá a dúró, ẹ jọ gbọ́ ọ.

Onídùùrù_Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an. Òbí kan ń béèrè ìdánwò ABRSM, ìdánwò orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé dandan ni kí ọmọ lọ sí Èkó?

Ìyá_Kọ́áyà_Gwarinpa

Kì í ṣe dandan mọ́. Láti 2020 ni wọ́n ti ní Performance Grade: orin mẹ́rin, fídíò kan ṣoṣo tí wọn ò gé, kí o fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí scale (nóòtì kíì kan tí a lù ní títò), kò sí kíka orin àìròtẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe lójú olùdánwò, orin mẹ́ta ni, pẹ̀lú scale, kíka orin àìròtẹ́lẹ̀ àti ìdánwò etí. Ipele kìn-ín-ní sí ìkẹjọ ni. Nínú 150, 100 ni ẹni tó yege máa gbà ó kéré tán, 120 ni Merit, 130 ni Distinction. Bí ó bá fẹ́ kọjá ipele karùn-ún, ó ní láti ṣe ipele karùn-ún ti Theory (ìmọ̀ orin lórí ìwé) tàbí èyí tó bá a dọ́gba. Sọ fún òbí náà nísinsìnyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dúró.

Àmọ́ mi ò fẹ́ràn kí ìdánwò jẹ́ gbogbo ẹ̀kọ́. Ọmọ á máa lu orin mẹ́ta fún odidi ọdún kan, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, tí o bá ní kó lu orin ọjọ́ ìbí fún ìyá rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Láàárín ìdánwò kan sí èkejì, kó kọ́ ọ̀pọ̀ orin tó rọrùn, tó lè mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Àyàn_Nyanya

Kí n tó gbàgbé, ọyẹ́ ń bọ̀. Láti oṣù Kọkànlá, afẹ́fẹ́ Àbújá á gbẹ, ìlù á le gbandi. Ẹ dẹ ọṣán ìlù tí ẹ ò bá lù ú, ẹ má gbé e sójú oòrùn tàbí sí iwájú AC. Ìgbà òjò ni òdìkejì rẹ̀, awọ á rọ̀, a ó wá máa wá oòrùn kiri.

Jìtá_Jos

Ti jìtá náà bẹ́ẹ̀, Jos tiwa burú jù. Igi á súnkì, á wá là. Kí jìtá wà nínú àpò rẹ̀, kí ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn tó lọ́rinrin sínú ike tó nihò, kí ẹ gbé e sí inú àpò náà, kó má kan igi. Ti violin ní tiẹ̀, èèkàn tí wọ́n ń fi fa okùn á máa yọ̀. Ẹ tì í sínú díẹ̀ bí ẹ bá ń yí i, ẹ má fi agbára.

Ìyá_Tóyìn_Lugbe

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé ẹ mẹ́nu ba violin. Ọmọ mi ọdún méje ni. Dádì ẹ̀ ra èyí tó tóbi jù fún un, ó ní yóò dàgbà bá a. Olùkọ́ rẹ̀ ní òun ò lè fi kọ́ ọ. Ṣé olùkọ́ ń ṣe àṣejù ni?

Ìyá_Kọ́áyà_Gwarinpa

Olùkọ́ náà tọ̀nà, màdámú. Violin kì í ṣe aṣọ ọdún. 4/4 ni ti àgbà. Lábẹ́ rẹ̀, 3/4 wà, 1/2, 1/4, 1/8, títí lọ sí 1/16. Ọmọ ọdún méje, 1/4 tàbí 1/2 ló sábà máa ń bá a mu, apá rẹ̀ ni yóò sọ. Ẹ gbé e sí èjìká rẹ̀ òsì, kó na apá òsì tààrà lọ sí orí violin náà, níbi tó ká jọ. Tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá lè di orí náà mú, tí ìgúnpá sì tẹ̀ díẹ̀, ó bá a mu. Bí ó bá ní láti nà gan-an kó tó dé ibẹ̀, ó tóbi. Tó bá fi èyí tó tóbi kọ́, ọrùn àti ọwọ́ á dùn ún, ìka ò sì ní bọ́ sí ojú ohùn. Ẹ gbé ọmọ náà dání lọ sọ́jà.

Ìyá_Tóyìn_Lugbe

Ẹ ṣé o. Àwọn tó tà á ò gbà á padà. Ta ló ń wá 4/4 ní Lugbe? Ó ṣì wà nínú ọ̀rá.